Àwọn Òǹtẹ̀ Tó Ń Tẹríba fún Ọ̀gá Kuramitsu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú nọ́ńbà lọ́wọ́ jókòó rí níwájú káńtà ìjọba títí ìdí fi kú mọ́ yín lára, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà tèmi ni mọ́kànlélógójì. Ìwé ẹ̀rí ibùgbé ni mo wá gbà nílé ìjọba ìlú Minasawa, ìwé pélébé kan tí kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọjọ́ kejìdínlógún ni mo tó rí i gbà. Bí mo bá sọ ohun tó fà á lójú ẹsẹ̀, ẹ ó ní irọ́ ni mò ń pa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Ọ̀gá Kuramitsu Yoshitaka ló ni ọ̀rọ̀, olórí ẹ̀ka ìwé àti kọ̀ǹpútà. Irun mọ́kànlá ló kù sí àtàrí rẹ̀, ó sì máa ń tò wọ́n láràárọ̀ bí ẹni ń to ebè. Tó bá ń bọ̀ lọ́nà àárín ilé, sálúbàtà rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé, pá, pá, pá, lẹ́yìn náà ikùn rẹ̀, lẹ́yìn náà òun alára. Gbogbo ẹ̀ka á dìde. Ẹni tó ń mu tíì lọ́wọ́ á gbé e mì, ì báà gbóná, ì báà tutù. Igbákejì rẹ̀, Tadokoro, á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ti tẹ̀ ba dé ìbàdí.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá. Yìnyín tó ń já láti òru, bó ṣe rí i pé ẹ̀ ń bọ̀ ló dáwọ́ dúró."

"Ó yẹ kó dáwọ́ dúró," ni Ọ̀gá á dá a lóhùn. Ẹ má rò pé àwàdà ni. Ọkùnrin náà gbà á gbọ́.

Tòun ti òǹtẹ̀ ni wọ́n jọ wáyé. Nílé ìjọba tiwa, ìwé kì í di ìwé àfi tí òǹtẹ̀ bá ti hù lára rẹ̀. Ọmọọṣẹ́ á tẹ tirẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹni tó jù ú lọ á tẹ tirẹ̀ tẹ̀ lé e, títí á fi dé apá òsì pátápátá níbi tọ́gàá ti máa parí rẹ̀. Ọmọọṣẹ́ tó bá sì mọ̀wà hù kì í jẹ́ kí òǹtẹ̀ òun dúró ṣánṣán. Á jẹ́ kó tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì, kó lè dà bí ẹni tó ń tẹríba fún tọ̀gá. Kò sí nínú òfin kankan, àwọn ọ̀dọ́ ìsinyìí tilẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá Kuramitsu kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní tiẹ̀. Ó ní rúlà roboto kan nínú dúrọ́ọ̀ tó fi ń wọn bí òǹtẹ̀ ṣe tẹ̀ sí. Tadokoro gbọ́dọ̀ tẹ̀ ní ogún dígírì. Àwọn òṣìṣẹ́ ọlọ́dọọdún, tí wọn ò tilẹ̀ ní àga tiwọn, gbọ́dọ̀ tẹ̀ ní ọgbọ̀n.

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni ìjọba ìlú ní kí gbogbo òǹtẹ̀ kúrò lórí ìwé, kó wọ inú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí Ọ̀gá kọ́kọ́ rí òǹtẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ṣe ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú.

"Tadokoro, wá wo nǹkan. Òǹtẹ̀ ẹni tó wọṣẹ́ lóṣù tó kọjá ló dúró gbọnyin báyìí, tó ń bá tèmi figa gbága."

"Ó dùn mí wọra, Ọ̀gá. Mi ò lè jẹun ọ̀sán."

Abọ́ núdù méjì ló jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo mọ ẹni tó tà á fún un. Ẹ má dá a lẹ́bi ṣá, ìyà ò ṣeé fi inú òfìfo jẹ.

Ni wọ́n bá bẹ ọkùnrin kan nílùú kejì kó bá wọn ṣe ètò kékeré kan tí wọn á fi kún kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ètò náà ń ṣe: gbàrà tí ìwé bá ti dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, gbogbo òǹtẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ á tẹ̀ sápá òsì, oníkálukú ní ìwọ̀n ipò rẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ: Ìtẹríba fún Olórí Ẹ̀ka Kuramitsu. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó pàṣẹ pé ìwé kankan ò gbọdọ̀ jáde mọ́ láìgba ọ̀dọ̀ òun, títí kan ìwé ẹ̀rí ibùgbé, kí òun lè máa rí wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀. Ọkùnrin tó ṣe ètò náà ti fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ tipẹ́, ó ń gbin ápù lórí òkè, ara rẹ̀ sì le.

Ó wá di oṣù kejì ọdún tí mò ń wí. Àṣẹ dé láti òkè pé ètò àgbà tó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà ti gbó, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ìlú mìíràn á ṣe é lọ́jọ́ Sátidé, wọn á sì lọ sùn. Ọ̀gá Kuramitsu so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́rùn. Ó ní kí gbogbo ẹ̀ka tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó gun orí àpótí, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́tàléláàádọ́ta.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "bí oòrùn ṣe ń là lórí òkun, bẹ́ẹ̀ ni ètò tuntun yìí ṣe ń là lórí tábìlì yín. Ta ló mú un wá? Mi ò ní dárúkọ ara mi. Láti òní lọ, òǹtẹ̀ títẹ̀ sórí ìwé ti di èèwọ̀ níhìn-ín. Mo ti kó òǹtẹ̀ onígi gbogbo yín àti tàdáwà pupa sínú kọ́bọ́ọ̀dù irin. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyí." Ó fi í sápò àyà, ó sì fọwọ́ lu àpò náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Tadokoro da omijé lójú. Ó máa ń da omijé lójú dáadáa.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ dákú. Ojú rẹ̀ yí padà, ó di búlúù, ó tọrọ àforíjì bí ọmọlúwàbí, ó sì kú fin-ín. Kí aago mẹ́wàá tó lù, mọ́kànlá ti dákú. Wọn á tún un tàn, á jí, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó tún di gbirigidi. Àwa tá a wà níwájú káńtà ń wo nọ́ńbà tó wà lókè. Ó wà lórí mẹ́tàdínlógún, kò sì kúrò níbẹ̀. Ìyá àgbà tó jókòó tì mí mú òwú àti abẹ́rẹ́ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìbọ̀sẹ̀.

Ọ̀gá Kuramitsu gba ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ó ní ooru ife tíì ló ń mú kọ̀ǹpútà, ó kó gbogbo ife nílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ní wọn ò kí kọ̀ǹpútà dáadáa. Láti ọjọ́ náà, tí gbogbo ẹ̀ka bá ti ṣe eré ìmárale àárọ̀ tán, wọn á kọjú sí kọ̀ǹpútà, wọn á tẹ̀ ba, wọn á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́ lónìí." Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní kí wọ́n yọ kàlẹ́ńdà olológbò lára ògiri, pé ojú olológbò náà ò mọ́. Ó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tó ń ṣèpàdé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lórí ìdákú. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa ń kọ àbájáde ìpàdé sí, kọ̀ǹpútà náà á sì dákú lórí rẹ̀.

Ẹni kan ṣoṣo tó ń wá ìdí ọ̀rọ̀ ni Nagumo Hisae, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta tó ń tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe. Bọ́ọ̀sì kan náà lèmi àti ẹ̀ jọ máa ń wọ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òṣìṣẹ́ ọlọ́dọọdún ni. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyẹn nílé ìjọba, ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kẹta ọdọọdún ni àdéhùn rẹ̀ ń kú, tí olórí ẹ̀ka ò bá sì tẹ òǹtẹ̀ sí i, kò ní jí mọ́. Ìyá rẹ̀ ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí nìkan ló wà níbi tí bọ́ọ̀sì lè gbé e dé, kó sì tún gbé e délé kí àsìkò oògùn ìyá náà tó tó. Tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kó gbé ìyá lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó, ìyá sì ti ní òun ò lọ.

Hisae ò tìtorí gbogbo èyí jáwọ́ nínú àwàdà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹríba fún kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ rọra máa tẹ̀, ẹ ti forí gbá pulọ́ọ̀gì rẹ̀ yọ."

Ó yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò, kò tán. Ó pààrọ̀ wáyà, kò tán. Ó wá gbé kọ̀ǹpútà kan tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ jáde, ó fi ètò àgbà tuntun yẹn sí i, kò fi nǹkan mìíràn kún un. Ó ṣí ogún ìwé lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ò tilẹ̀ wúkọ́. Ó wá ń fi àwọn ètò ilé iṣẹ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́yìn iyọ̀, tó tún tọ́ ọ wò lẹ́yìn ata. Méje wọlé, àlàáfíà ni. Ìkẹjọ wọlé, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù. Kọ̀ǹpútà a máa kọ ohun tó pa á sílẹ̀ kó tó kú. Hisae wo ohun tó kọ. Ó tún un wò. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ètò àgbà tuntun náà ò gbà kí ẹnikẹ́ni já wọ yàrá òun láìkanlẹ̀kùn. Ètò ìtẹríba, tó jẹ́ ìkẹjọ yẹn, ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kanlẹ̀kùn. Nígbà àtijọ́, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Gbogbo ìgbà tí ìwé bá dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, òǹtẹ̀ fẹ́ tẹ̀, ètò ìtẹríba á já wọlé, àyà kọ̀ǹpútà á já, ó dákú.

Lọ́jọ́ kẹfà, Hisae lọ bá Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, mo ti rí ohun tó ń pa wọ́n."

"Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ife tíì yẹn máa jásí nǹkan."

"Ife kọ́, sà. Ètò ìtẹríba ni. Tẹ́ ẹ bá fún mi láṣẹ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa fi yọ ọ́. Gbogbo èèyàn tó wà níta á gbàwé wọn lónìí."

Ọ̀gá wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ ṣòkòtò láàárín ọjà. "Nagumo, ṣé ohun tó ò ń sọ ni pé ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún mi ló ń pa kọ̀ǹpútà ìjọba?"

"Ètò ni mo sọ, sà."

"Ọ̀wọ̀ kì í pa nǹkan. Àìsí ọ̀wọ̀ ló ń pa nǹkan."

"Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jinlẹ̀," ni Tadokoro wí. "Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kọ ọ́," ni Ọ̀gá fèsì. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Nagumo, ìgbìmọ̀ ìlú máa bi mí léèrè lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹta. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi, ẹni náà ò sì lè jẹ́ èmi, torí èmi ni olórí. Lọ kọ ìwé pé ìwọ lo fi ètò tuntun sí kọ̀ǹpútà lódìlódì. Àdéhùn rẹ ti fẹ́ parí tẹ́lẹ̀, kò lè dùn ọ́ púpọ̀."

"Ọ̀gá, ìyá mi wà nílé."

"Bá mi kí wọn."

Hisae kúrò níwájú rẹ̀. Ó lè dákẹ́ yọ ètò náà, ṣùgbọ́n tó bá fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ, ẹ̀sùn èké á di òótọ́. Ó padà sídìí tábìlì, ó kọ ìwé náà bí wọ́n ṣe pè é fún un, ó fi òǹtẹ̀ rẹ̀ sí i, ó sì fi ránṣẹ́. Ìwé ń lọ. Ó kọjá lọ́dọ̀ olórí ẹgbẹ́, ó kọjá lọ́dọ̀ Tadokoro, ó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Ọ̀gá ṣí i. Òǹtẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ tẹríba. Kọ̀ǹpútà dákú.

Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ló ṣí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ló dákú. Àwọn ẹgbẹ́ Hisae ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

"Àǹtí Nagumo, ìwé tó fẹ́ lé yín lọ ló kọ̀ tí ò lọ yìí."

"Ó mọ ìyá mi ni," ló fèsì.

Tadokoro dábàá pé kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù irin, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ onígi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. "Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́tàléláàádọ́ta?" ni Ọ̀gá bi í. "Ṣé o fẹ́ kí n padà kó èébì mi jẹ ni?" Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ọkùnrin náà ò sì lè yọ ara rẹ̀ nínú òfin tó fẹnu ara rẹ̀ ṣe.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta pé. Èmi náà lọ jókòó síbi àyè ará ìlú, nọ́ńbà mọ́kànlélógójì mi wà lápò. Kí wọ́n tó wọlé, Ọ̀gá bi Tadokoro pé ṣé kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí.

"Ọ̀gá," ni Tadokoro dáhùn, "kọ̀ǹpútà wo ló tó bẹ́ẹ̀ tó máa dákú lójú yín, níwájú ìgbìmọ̀?"

Ẹ rí i, ohun tí Tadokoro ti ń sọ láti ogún ọdún nìyẹn, kò sì ṣe nǹkan fún ẹnikẹ́ni rí. Ọjọ́ náà ni Ọ̀gá gbára lé e.

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ látorí oòrùn tó ń là lórí òkun. Ó ní ìjì ti jà, òun ni òun dúró sídìí ọkọ̀. Ó ní ọwọ́ òṣìṣẹ́ kékeré kan ló ba nǹkan jẹ́, ìwé ẹ̀bi rẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà, òun á sì tẹ òǹtẹ̀ sí i lójú gbogbo wọn, kí ìlú lè rí i pé ètò tuntun ń ṣiṣẹ́ geere. Wọ́n ti gbé ojú kọ̀ǹpútà náà sára ògiri, ó tóbi bí ilẹ̀kùn gáréèjì. Hisae jókòó sẹ́yìn, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú.

Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́. Ògiri di búlúù.

Ó rẹ́rìn-ín, wọ́n tún un tàn, ó tún un tẹ̀. Búlúù. Nígbà kẹta, bàbá arúgbó Muroi nínú ìgbìmọ̀ na ọwọ́ sókè. "Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?"

Olórí ìlú, Ìyáàfin Orikasa, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó, kọjú sí Tadokoro. "Ẹ bá wọn kà á."

Tadokoro wú ikọ́. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ó ní... ohun tó dá kọ̀ǹpútà dúró ni... Ìtẹríba fún Olórí Ẹ̀ka Kuramitsu."

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ẹlòmíràn gbà á, kò sì pẹ́ tí ikọ́ náà fi ran gbogbo ìgbìmọ̀. Olórí ìlú nìkan ni ò wúkọ́.

"Ìyáàfin Nagumo, kí nìyẹn?"

Hisae dìde. "Ètò kan ni, Mà. Ó ń mú kí òǹtẹ̀ wa tẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Ti Ọ̀gá Tadokoro, ogún dígírì. Tèmi, ọgbọ̀n."

"Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ńkọ́?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Mà. Mo ti ń dúró de àṣẹ láti ọjọ́ kẹfà tí ìdákú ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ gbàṣẹ."

Wọ́n gbé tíì wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ife nílé ìjọba láàárín ọjọ́ méjìdínlógún nìyẹn. Ìgbìmọ̀ ń jẹ ìpápánu ìrẹsì, ó ń dún kàù-kàù, Ọ̀gá Kuramitsu sì dúró láàárín, kò síbi tó máa jókòó. Nígbà tí kọ̀ǹpútà jí, ìwé náà ṣí wẹ́rẹ́. Òǹtẹ̀ mẹ́ta dúró ṣánṣán lára ògiri. Lókè wọn la ti ka ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀: ẹ̀bi gbogbo ìdákú yìí, ti Nagumo Hisae ni, kí wọ́n má tún àdéhùn rẹ̀ ṣe mọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dá ìwé yẹn dúró ni ètò ìtẹríba, Hisae fúnra rẹ̀ ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́.

Olórí ìlú kà á tán pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọ̀gá Kuramitsu, ìwé yín ti ṣí. Òǹtẹ̀ yín ló kù. Ṣé ẹ máa tẹ̀ ẹ́?"

Ó gbá máòsì mú. Gbogbo wa rí ọfà kékeré náà lára ògiri, ó ń rìn lọ sínú àpótí òfìfo apá òsì. Ó dé etí rẹ̀, ó dúró. Ó tún sún, ó tún padà.

"Ọfà yẹn ń gbọ̀n o," ni bàbá Muroi wí. Ojú rẹ̀ ti là.

Ọ̀gá fi máòsì sílẹ̀. "Mi ò tẹ̀ ẹ́," ó ní, ohùn rẹ̀ ò sì ju ti ẹ̀fọn lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n pe mọ́kànlélógójì. Ìyá àgbà tó jókòó tì mí ti hun ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti ìdajì.

Nígbà tí ìwé ìṣípòpadà jáde lóṣù kẹta náà, wọ́n gbé Ọ̀gá Kuramitsu lọ sí ọ́fíìsì kékeré ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin, níbi tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ tí àwọn èèyàn fi sílẹ̀ sí. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Tadokoro ò lọ kí i. Ọ̀gá tuntun ti dé, Tadokoro sì ti sọ fún un pé òdòdó ṣẹ́rì ò tíì fẹ́ tanná tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó gbọ́ pé ó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan kù tí Kuramitsu gbọ́dọ̀ ṣe kó tó lọ. Àdéhùn àwọn òṣìṣẹ́ ọlọ́dọọdún ò wọ kọ̀ǹpútà rí, wọn ò kà wọ́n sí débẹ̀. Orí ìwé gidi ló wà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù irin, ó mú òǹtẹ̀ onígi, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó sì kó ẹrù rẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó bá a gbé e.

Ibi tá a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni Hisae ti fi ìwé àdéhùn náà hàn mí. Òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ó dúró ṣánṣán. Ti Kuramitsu wà lápá òsì, níbi tí tọ̀gá máa ń wà. Kò dúró ṣánṣán. Ó ti tẹ̀ sápá ọ̀tún, ó kọjú sí ti Hisae.

"Bóyá ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ̀n," ni mo sọ.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀." Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú báàgì, ó ń wo bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lókèèrè. "Ó gbàgbé rúlà rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Mo fi wọ̀n ọ́n. Ọgbọ̀n dígírì ni, kò lé, kò dín."